Kí Wọ́tà Pọ́ǹpù Tó Dákẹ́: Àmì Tí Ọkọ̀ Kọ́kọ́ Máa Ń Fún Wa

Lẹ́yìn ètò tí a ṣe lórí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè kan ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ fi ránṣẹ́: báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ pé wọ́tà pọ́ǹpù ọkọ̀ òun ti fẹ́ bàjẹ́, kó tó dá a dúró sójú ọ̀nà? Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn, torí pé ní Valence tí mò ń gbé yìí, ní Barking and Dagenham, ọkọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wà. Nígbà tí òfin ULEZ dé gbogbo London ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọ̀pọ̀ tó ní ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tà á, wọ́n sì lọ ra àlòkù tó ń lo pẹtiróòlù tí òfin gbà. Ọkọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ orí tí wọ́tà pọ́ǹpù máa ń fẹ́ sinmi gan-an nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nínú ẹ̀kọ́ òní kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má dúró de abẹ́rẹ́ gééjì. Ọ̀pọ̀ wa rò pé níwọ̀n ìgbà tí abẹ́rẹ́ yẹn bá wà láàárín, àlàáfíà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ yẹn bá fi máa gòkè, pọ́ǹpù lè ti máa sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ó fi omi sọ̀rọ̀, ó fi òórùn sọ̀rọ̀, ó fi ariwo sọ̀rọ̀, àti pé ní ìlú òtútù yìí, ó tún fi hítà sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí pọ́ǹpù yìí ń ṣe. Ilé iṣẹ́ Ford wà ní Dagenham, kò jìnnà sí wa rárá. Ọdún 1931 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ níbẹ̀, ọdún 2002 ni wọ́n ṣíwọ́ ọkọ̀ ṣíṣe, ẹ́ńjìnnì ló wá kù tí wọ́n ń ṣe. Ọkọ̀ kékeré kan tó kọ́kọ́ mú orúkọ ibẹ̀ lókè ni Model Y, tó jáde ní 1932. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kò ní wọ́tà pọ́ǹpù? Omi inú ẹ̀ ló ń gbé ara ẹ̀ kiri. Tí ẹ bá ti gbé omi kaná rí, ẹ ti rí irú ẹ̀: omi ìsàlẹ̀ ìkòkò gbóná, ó fúyẹ́, ó gòkè, tòkè tutù jù ú lọ, ó wúwo, ó sọ̀kalẹ̀. Bí omi ṣe ń gòkè láti ara ẹ́ńjìnnì wọ inú rédíétọ̀ nìyẹn, tó ń tutù níbẹ̀, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ padà sídìí iná. Model T tó ṣáájú ẹ̀ náà, nǹkan bí 2,500 àkọ́kọ́ nínú wọn ni wọ́n fi pọ́ǹpù sí. Lẹ́yìn ìyẹn Ford yọ ọ́ kúrò, ó ní omi mọ ọ̀nà ara ẹ̀.

Ó ṣeé ṣe nígbà yẹn nítorí pé ẹ́ńjìnnì wọn kò lágbára púpọ̀. Tòde òní kò ní lè dúró dè é. Iná tó ń jó nínú sílíńdà lè gbóná ju 2,000 dígírì lọ, bẹ́ẹ̀ alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣe orí ẹ́ńjìnnì ń yọ́ ní 660 dígírì. Ohun tó dúró láàárín méjèèjì ni omi tó ń sáré yí po. Ohun tó sì ń lé omi yẹn sáré ni pọ́ǹpù wa.

Fúnra pọ́ǹpù, nǹkan kékeré ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní abẹ̀bẹ̀ kan tí wọ́n gbé sórí ọ̀pá irin. Abẹ̀bẹ̀ wà nínú omi, púlì wà níta, bẹ́líìtì sì ń yí púlì náà. Àárín wọn ni bíárìn wà, tí ọ̀pá yẹn fi ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, àti síìlì, tí kò jẹ́ kí omi jáde tẹ̀ lé ọ̀pá náà. Nínú gbogbo ẹ̀, síìlì àti bíárìn ló sábà máa ń rẹ̀ kọ́kọ́. Tí síìlì bá jẹ, omi á dé ọ̀dọ̀ bíárìn. Tí omi bá dé ọ̀dọ̀ bíárìn, gíríìsì inú ẹ̀ á ṣàn lọ. Tí gíríìsì bá lọ, ọ̀pá á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Tí ọ̀pá bá ń mì, síìlì á tún jẹ sí i. Nínú iṣẹ́ mi, tí mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, a máa ń rí irú àléébù tó ń bọ́ ara ẹ̀ báyìí, a sì ń bẹ̀rù ẹ̀ ju gbogbo tó kù lọ, torí pé ní ọjọ́ Ajé ó dà bí ohun kékeré, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ilé ti wó.

Àwọn tó ń ṣe pọ́ǹpù mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe ohun ọgbọ́n kan. Wọ́n dá ihò kékeré kan sí ara pọ́ǹpù, láàárín síìlì àti bíárìn. Ihò ẹkún ni mo máa ń pè é, torí ibẹ̀ ni pọ́ǹpù ti ń sunkún. Tí síìlì bá jẹ, omi á gba ibẹ̀ jáde dípò kó wọ bíárìn lọ. Ẹkún yẹn ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí pọ́ǹpù kọ sí yín. Tí ẹ bá gbé tọ́ọ̀ṣì, tí ẹ sì rí ipa omi tó ti gbẹ lábẹ́ púlì, tó fi ẹ̀pá funfun tàbí pupa rúsúrúsú sílẹ̀ bí iyọ̀ tó gbẹ sára ìkòkò, kò di ìgbà tí ẹ bá rí omi tútù kẹ́ ẹ tó gbà pé ó ń jò. Lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, omi lè gbẹ kó tó kán sílẹ̀.

Níbí, ẹ̀yin tó ń kọ́ èdè, ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀. Nǹkan tó ń *jò* ni nǹkan tó yẹ kó gba omi dúró àmọ́ tí kò gbà á dúró mọ́: òrùlé ń jò, ike ń jò, pọ́ǹpù ń jò. Omi fúnra ẹ̀ ni ó ń *kán*, tó, tó, tó. Tó bá wá pọ̀ tó ń lọ bí odò, ó ti ń *ṣàn* nìyẹn. Tí ẹ bá pe mẹkáníìkì tó gbọ́ Yorùbá, tí ẹ sọ pé “ó ń kán”, ó lè ní kẹ́ ẹ rọra wà á bọ̀. Tí ẹ bá sọ pé “ó ń ṣàn”, á ní kẹ́ ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà.

Ilé àwọn ará àdúgbò mi rọrùn fún àyẹ̀wò yìí. Láàárín 1921 sí 1935 ni ìgbìmọ̀ London County Council kọ́ Becontree Estate tó yí Valence ká. Nígbà yẹn, òṣìṣẹ́ kì í sábà ní mọ́tò, nítorí náà ọgbà òdòdó ni wọ́n fi síwájú ilé, wọn kò fi gáréèjì sí i. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọgbà òdòdó yẹn ti di kọnkéré, ọkọ̀ ló sì dúró lé e. Ẹ wá páálí funfun kan, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ iwájú ọkọ̀ lálẹ́, ẹ wò ó láàárọ̀. Omi lásán tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó kán síbi ẹsẹ̀ èrò iwájú nígbà ooru, ti ẹ̀rọ amúlétutù ni, ẹ má bẹ̀rù. Omi tó ní àwọ̀, tó ń yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, tó kán sí apá ibi tí bẹ́líìtì wà, kúláǹtì nìyẹn. Ẹ má wá gbójú lé àwọ̀ láti mọ irú kúláǹtì o. Toyota ń lo aláwọ̀ osùn, àwọn mìíràn ń lo àwọ̀ ewé, búlúù, ọsàn, yẹ́lò. Kò sí òfin kan tó so àwọ̀ mọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀. Inú ìwé ọkọ̀ yín lẹ ti máa rí irú tó yẹ kẹ́ ẹ rà.

Òórùn náà ńkọ́? (Ẹ fiyè sí i: *òórùn* lèyí tí imú ń gbọ́, *oòrùn* lèyí tó ń ràn lókè.) Kúláǹtì tó kán sórí irin gbígbóná máa ń rùn bí súgà tó jóná díẹ̀. Ó ń rùn dídùn, ó sì dùn lẹ́nu, ibẹ̀ ni ewu wà. Májèlé ni èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ lè pa ológbò tàbí ajá, ó sì lè ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́. Tí ẹ bá rí i lórí kọnkéré, ẹ fọ̀ ọ́ kíákíá, ẹ má fi í sílẹ̀ de ológbò àwọn aládùúgbò.

Ariwo ló kàn. Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa, Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó wá síbí. Èmi ni mo pè é nítorí ọkọ̀ Àǹtí mi.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọkọ̀ Àǹtí mi ló ń pariwo.”

“Ariwo oríṣiríṣi ló wà, àbúrò. Ṣé ó ń ké ni, àbí ó ń kùn?”

“Ó ń kùn, sà.”

“Tó o bá tẹ iná sí i, ṣé kíkùn yẹn ń pọ̀ sí i?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi.”

“Kí Àǹtí má wà á lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ yìí o. Gbé e wá tó bá di àárọ̀.”

Kò tíì rí ọkọ̀ náà, ìbéèrè méjì péré ló bi mí, ó sì ti mọ ibi tó máa yẹ̀ wò. Nǹkan tó ń *ké* wíín-wíín, pàápàá láàárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn òjò, bẹ́líìtì ló sábà máa ń jẹ́, ó lè jẹ́ pé ó ti gbó tàbí pé ó ti dẹ̀. Nǹkan tó ń *kùn* hùn-ùn-ùn, tó ń ga bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, bíárìn ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Tó bá wá ń *lọ* gìrì-gìrì bíi pé òkúta wà nínú ẹ̀, bíárìn yẹn ti jẹ tán. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ohùn o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: ọkọ̀ tó *kùn* ń ráhùn, ọkọ̀ tó *kún* ti gba èrò tán, ọkọ̀ tí wọ́n *kùn* ní ọ̀dà ti yí àwọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká ló máa là á yé yín.

Àmọ́ ní òótọ́, ariwo nìkan kò tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Bẹ́líìtì kan náà tó ń yí pọ́ǹpù lè máa yí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣe iná, àti ẹ̀rọ amúlétutù pẹ̀lú, gbogbo wọn ló sì ní bíárìn tiwọn. Ohun tí mẹkáníìkì ṣe ni pé ó yọ bẹ́líìtì, ó fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ̀n wọ́n. Ti pọ́ǹpù ń mì síwá, ó ń mì sẹ́yìn. Púlì tó dára kì í mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ kan ibẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì wọ ohun tó gùn lápá dé ìdí ẹ̀. Bẹ́líìtì kò mọ agbádá yàtọ̀ sí ìbòrùn.

Ní báyìí ó kan hítà, àmì tí ọ̀pọ̀ wa tó kọ́ ọkọ̀ wíwà ní ilé kò mọ̀ rárá. Ní Èkó, ta ló ń tan hítà? Ẹ̀rọ amúlétutù ni gbogbo wa mọ̀. Àmọ́ níbí, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, a ò lè ṣe kí á má tàn án. Hítà kò ní iná ti ara ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Rédíétọ̀ kékeré kan ni, tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, tí pọ́ǹpù ń ti omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì gba inú ẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ kọjá lára ẹ̀, ó sì gbóná dé ọ̀dọ̀ yín. Tí omi bá dín, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù kò bá lágbára mọ́, hítà yìí máa ń wà lára àwọn tí ebi kọ́kọ́ máa ń pa.

Ohun tí Àǹtí mi kọ́kọ́ rí gan-an nìyẹn, kí kíkùn yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé wọn, láti ilé kan dé ìkejì. Tí ọkọ̀ kò bá lọ, owó alẹ́ yẹn ti lọ nìyẹn, ẹni tó ń retí oògùn ẹ̀ náà á sì máa retí. Ó ní tí òun bá ń wà á lọ lójú ọ̀nà, hítà ń gbóná dáadáa. Tí òun bá dúró síbi iná pupa, atẹ́gùn tútù ló ń jáde. Tí òun bá tún gbéra, ó tún gbóná. Abẹ́rẹ́ gééjì kò kúrò láàárín rárá. Ó rò pé hítà ló bàjẹ́, ó sì ti fẹ́ fi í sílẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ wo ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ́ńjìnnì ń yí díẹ̀díẹ̀, pọ́ǹpù náà ń yí díẹ̀díẹ̀. Tí omi bá pé, tí pọ́ǹpù sì lágbára, díẹ̀ yẹn tó. Tí omi ti dín, tí atẹ́gùn ti wọlé dípò ẹ̀, kò tó mọ́, omi kò ní lè dé ọ̀dọ̀ hítà. Ẹ tẹ iná, pọ́ǹpù yára, omi dé ibẹ̀ padà. Hítà tó ń tutù nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó ń gbóná nígbà tó ń sáré, kí ẹ yẹ ìwọ̀n omi wò lọ́jọ́ yẹn gan-an ni.

Kí ló wá dé tí abẹ́rẹ́ gééjì kò sọ nǹkan kan? Èyí bọ́ sínú iṣẹ́ tèmi, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ ẹ̀ dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, abẹ́rẹ́ yẹn kì í sọ ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí ní tààràtà. Ètò kọ̀ǹpútà kan ló wà láàárín wọn. Àwọn awakọ̀ máa ń bẹ̀rù tí abẹ́rẹ́ bá ń lọ sókè lọ sílẹ̀, wọ́n á gbé ọkọ̀ padà lọ sí ilé iṣẹ́ láìnídìí, nítorí náà àwọn tó kọ ètò náà ní kí abẹ́rẹ́ dúró láàárín gbọn-in, bóyá ìgbóná jẹ́ 80 tàbí 100 dígírì. Ó di ìgbà tó bá kọjá ààlà kí abẹ́rẹ́ tó fò sókè lójijì. Ó mú ọkàn awakọ̀ balẹ̀, àmọ́ lójú tèmi, kò dáa kéèyàn gba ìròyìn lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ọkọ̀. Ó tún ku ọ̀kan: sẹ́ńsọ̀ náà, inú omi ni wọ́n ṣe é fún. Tí omi bá ti jò tán níbi tó wà, inú atẹ́gùn ló máa wà, ó sì lè máa sọ pé ara tutù nígbà tí irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti ń jóná.

Ẹ lè gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ọkọ̀ fúnra yín. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ pẹtiróòlù tó jáde ní Yúróòpù láti 2001, ojú ihò kan wà tí wọ́n ń pè ní OBD. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, ẹ ó kì í bọ ibẹ̀, á sì máa bá fóònù yín sọ̀rọ̀. Fóònù á béèrè ìbéèrè tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 05, ọkọ̀ á dá nọ́ńbà kan padà, láti 0 dé 255. Ẹ yọ 40 kúrò nínú ẹ̀, ohun tó kù ni ìgbóná omi ní dígírì. Tó bá dá 130 padà, 90 dígírì ni. Tó bá dá 155 padà, 115 ni, ọ̀rọ̀ ti ń di ńlá nìyẹn. Ọkọ̀ tí ara ẹ̀ le sábà máa ń wà láàárín 85 sí 105. Ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ mọ ti ọkọ̀ yín, kó tó di pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn ló tún máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá pọ́ǹpù ni tàbí nǹkan mìíràn. Tí ìgbóná bá ń gòkè nínú gosiló A13, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti rí àyè sáré, fáànù rédíétọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí pé afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń bá yín ṣe iṣẹ́ fáànù. Tó bá ń gòkè nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré tàbí tẹ́ ẹ ń gun òkè, omi tó ń yí po ni kò tó: pọ́ǹpù ni, tàbí rédíétọ̀ tó ti dí, tàbí tẹ́mósítáàtì tí kò ṣí tán. Tó bá sì jẹ́ pé omi ń dín láìsí ibi tó ti kán, tí èéfín funfun ń jáde nídìí ọkọ̀ láìdáwọ́dúró, tí ìsàlẹ̀ ìdérí ọ́ìlì sì dà bí wàrà, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni ẹ máa bẹ̀rù, owó ìyẹn sì ju ti pọ́ǹpù lọ fíìfíì.

Àwọn pọ́ǹpù kan kì í sunkún, wọn kì í kùn. Toyota Prius láti ìran kẹta ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n wa fi ń gbé èrò ní London, kò ní bẹ́líìtì rárá níbi pọ́ǹpù. Iná mànàmáná ló ń yí i. Ó lè dákẹ́ lójijì, kí iná ìkìlọ̀ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ kan wà tí abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù wọn jẹ́ ike: púlì ń yí, ọ̀pá ń yí, àmọ́ abẹ̀bẹ̀ ti sán kúrò lára ọ̀pá, omi dúró sójú kan. Nínú irú àwọn yìí, nọ́ńbà OBD àti hítà tútù ni ẹ̀rí tó kù fún yín.

Ẹ má fi MOT tu ara yín nínú. Ìjọba fúnra ẹ̀ kọ ọ́ síta pé àyẹ̀wò yẹn kò kan bí ara ẹ́ńjìnnì ṣe rí. Ọkọ̀ lè yege lọ́jọ́ Ajé kí pọ́ǹpù ẹ̀ kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ sójú ọ̀nà, tí iná pupa tàn? Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ tan hítà dé òpin, kó gba díẹ̀ lára ìgbóná náà, ẹ wá ibi tó láàbò kẹ́ ẹ yà sí, kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má sọ pé “ó ku díẹ̀ kí n délé”. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Ford pe Kuga 4,556 padà ní Gúúsù Áfíríkà lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbiná. Àlàyé tí ilé iṣẹ́ náà ṣe ni pé kúláǹtì kò yí po dáadáa, ẹ́ńjìnnì gbóná jù, orí ẹ̀ sán, ọ́ìlì jò síta, ó sì pàdé irin gbígbóná. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó gbóná ló máa gbiná, àmọ́ orí ẹ́ńjìnnì tó ká tàbí tó sán kì í pẹ́ ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó o.

Ẹ má sì ṣí ìdérí yẹn. Mo tún un sọ: ẹ má ṣí i. Omi inú ẹ̀ wà lábẹ́ ìtẹ̀. Omi lásán ń hó ní 100 dígírì nínú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀. Lábẹ́ ìdérí ọkọ̀, ó lè dé nǹkan bí 120 kó tó hó. Tí ẹ bá ṣí i, ìtẹ̀ yẹn lọ lójú ẹsẹ̀, omi tó wà ní 115 á rántí pé ó yẹ kí òun ti hó, gbogbo ẹ̀ á sì fò sí yín lójú. Àwọn ìyá wa tó ń lo ìkòkò onítẹ̀ fún ẹran mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ dúró títí róbà òkè rédíétọ̀ á fi tutù tí ọwọ́ á lè dì í mú.

Tí ẹ bá wá pe ilé, ẹ máa gbọ́ ìmọ̀ràn méjì: ẹ bu omi sí i, kẹ́ ẹ sì yọ tẹ́mósítáàtì dànù. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń sọ ọ́. Ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ló kọ́ wọn, níbi tí omi rọrùn láti rí ju kúláǹtì lọ. Fún kẹ́ ẹ fi délé, omi dára ju kẹ́ ẹ wà á gbẹ lọ. Àmọ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Omi lásán ń mú irin dípẹtà, ó sì ń jẹ abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù. Tí òtútù London bá sì sọ ọ́ di yìnyín, á fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, agbára yẹn sì tó láti la irin ẹ́ńjìnnì. Tẹ́mósítáàtì ní tiẹ̀, tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò níbí, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó bó ṣe yẹ láàárọ̀, ẹ ó máa jó epo dànù, hítà kò sì ní ràn yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó: kẹ́ ẹ tó gbà kí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù, ẹ béèrè ohun tó ń yí i. Tó bá jẹ́ bẹ́líìtì ìta, iṣẹ́ náà sábà máa ń rọrùn. Tó bá jẹ́ bẹ́líìtì tó ń darí fáàfù ló ń yí i, wọ́n gbọ́dọ̀ tú bẹ́líìtì yẹn kí wọ́n tó dé ìdí pọ́ǹpù, nítorí náà ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, torí pé owó iṣẹ́ kan náà ni. Nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù tó bá há lè fa bẹ́líìtì yẹn já. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, fáàfù àti písítìnì á fi orí gbárí, ẹ́ńjìnnì náà á sì ti parí.

Ti Àǹtí mi, bẹ́líìtì ìta ni. Ó pàdánù iṣẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì bá orí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ láì lábàwọ́n. Mẹkáníìkì kò sì jẹ́ kó gbé e lọ lójú ẹsẹ̀: ó tan hítà dé òpin, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí atẹ́gùn tó há sínú omi fi jáde tán, ó tún fi kúláǹtì kún un. Ó ní kó yẹ ìlà ìwọ̀n tó wà lára ike omi wò láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ọkọ̀ tó gbóná. Ní ọjọ́ kejì ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi kún un. Láti ọjọ́ kẹta, kò kúrò lójú kan mọ́.

Tí ọkọ̀ yín bá ń ké tàbí tó ń kùn, ẹ fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Àmọ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣàpèjúwe ẹ̀ kí a tó gbọ́ ọ.